Ìka Mẹ́ta Lórí Ọ̀pá Aṣọ

Ó di ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí tí a sin Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa rẹ̀, torí èmi ni mo kàwé jù nínú ilé. Wọn ò mọ̀ pé bí a bá ń to àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìlà, èmi ló yẹ kó kẹ́yìn. Èmi Àbẹ̀kẹ́ ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ní Ìkòtún, n kò sì tún un ṣe títí ó fi kú. N ó sọ bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tí mo bà jẹ́.

Rábíátù ni orúkọ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bá ọkọ rẹ̀ wá sí Èkó nígbà tí Ìkòtún ṣì jẹ́ oko àti igbó. Aṣọ ló ń tà, níwájú ilé wa, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìgàndó. Tábìlì pákó kan ni, páànù méjì lórí rẹ̀, àǹkárá, gínnì àti pópílíìnì funfun tí a tò léra wọn. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ó sì máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi tí ẹ̀rín náà bá pọ̀ jù.

Ohun tí mo rántí jù nípa rẹ̀ ni pé kò mọ bí a ti ń dúró síbi tí nǹkan parí sí. Ohunkóhun tó bá ń wọ̀n tàbí tó ń kà, ó gbọ́dọ̀ fi èènì sí i. Bó bá bu oúnjẹ fún ọ tí o ní ó tó, ìgbà yẹn ni yóò tó wá bu èyí tó ní lọ́kàn. Kódà bó bá kírun tán, tó ń ka tẹ̀sùbáà, tó ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pé, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Lọ́jọ́ kan, àáfà àdúgbò wa jókòó tì í, ó gbọ́ ọ, ó sì rọra sọ fún un pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni iye rẹ̀. Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi èènì sí i, Àáfà. Ọlọ́run ò ní dá a padà."

Bákan náà ló rí bó bá ń sin àlejò. Àbúrò rẹ̀ kan wà ní Ìpájà tó máa ń wá kí i. Bó bá ń lọ, Ìyá Àgbà á ní òun ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dé orí títì, ọ̀rọ̀ ò sì ní tán. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, ni àbúrò rẹ̀ bá ní kò ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n òun dá padà, ó sì tún sìn ín wá sílé. Alẹ́ ti lẹ́ kí àlejò náà tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ìyá mi bínú, ó ní irú àlejò sísìn wo nìyẹn. Ìyá Àgbà ń fọ eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, ó ní, "Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn dágbére fún àlejò, ó lé e ni."

Ẹ má tìtorí èyí rò pé ẹni tó rọ̀ bí ẹ̀kọ ni o. Ìyá Àgbà lè jà! Ìjà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni ti Ìyá Múnírù, aránṣọ tó ń gbé ilé tó dojú kọ wá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọ̀tá ni wọ́n, ó kù sí irú ọjọ́ tó bá jẹ́. Ìyá Múnírù mọ̀ ọ́n rán, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n rán. Aṣọ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá rà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, yóò gé e, yóò rán an, ìyókù a sì di tirẹ̀. Ó máa ń fi í yangàn: "Ọ̀pá mẹ́fà péré! Mo rán ìró, mo rán bùbá, mo yọ gèlè, mo sì tún rí fìlà ọmọdé yọ níbẹ̀. Kì í ṣe aṣọ ló pọ̀, ọwọ́ ló mọṣẹ́!"

Ìyá Àgbà kì í bá a jiyàn ọwọ́ tó mọṣẹ́. Fìlà yẹn ló ń bá a jà sí. Ó ní ohun tó bá kù lára aṣọ oníbàárà, oníbàárà ló ni ín, kó ká a pọ̀ kó dá a padà fún un. Wọ́n jà débi pé fún odidi oṣù kan, bí Ìyá Múnírù bá kí i, "Ẹ káàárọ̀ o" lásán ló ń dáhùn, kò béèrè ọmọ, kò béèrè ilé. Níkẹyìn Ìyá Múnírù rojọ́ fún ìyá mi pé kí ló tiẹ̀ kan Ìyá Àgbà nínú ègé aṣọ tó fẹ̀ tó ìwé pélébé. Ìyá Àgbà gbọ́ láti inú yàrá, ó sì dáhùn: "Kékeré tí a kò bá lè dá padà, ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sẹ́yìn ìwé mi nígbà náà. N kò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí ṣáájú àkókò.

Ní báyìí ó kan tèmi. Àwọn ọdún tí owó epo ń ṣàn ni. Ọkọ̀ tó kó yanrìn àti símẹ́ńtì kì í yé kọjá níwájú ilé wa, ilé ń hù bí olú ní Akówónjò àti Òkè-Odò, àwọn tó ti ń wọ àǹkárá ń béèrè léèsì. Rédíò ń sọ pé ká gbàgbé ọ̀pá àti íǹṣì, mítà ni ká máa lò. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà, mo ń gbé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, èmi sì ni ọmọ àkọ́kọ́ nínú ẹbí wa tó ń kọ́ fìsíìsì. Olùkọ́ wa kọ́ wa pé bí a bá mú sẹ̀ǹtímítà kan, tó fẹ̀ tó èékánná ìka tó kéré jù, tí a pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní áńgísítírọ́ọ̀mù. Òun ni wọ́n fi ń wọn átọ́ọ̀mù, tí ojú kò lè rí.

Ìwọ̀n yìí gùn mí bí òrìṣà. Nígbà tí mo dé fún ìsinmi, kò sí ohun tí n kò fi wọ̀n. Mo wọn ilẹ̀kùn, mo wọn ìrù ewúrẹ́, mo wọn ìka ẹsẹ̀ àbúrò mi tó ń sùn. Mo mú Ìyá Àgbà dúró ti ògiri, mo fi ẹfun fàlà síbi tí orí rẹ̀ dé, mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ gùn tó bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!" Ó bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ fi kúrò lẹ́nu. Ó ní, "Bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, síbẹ̀ àpótí ni mo ń gùn kí ọwọ́ mi tó tó àjà."

Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń pè mí níwájú àlejò pé kí n wá sọ iye tí imú òun gùn. Bóyá ìyẹn ló kó sí mi lórí. Mo ti rí i pé bí nọ́ńbà bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọn ènìyàn ń là tó, mo sì fẹ́ràn kí ẹnu máa là torí mi.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ọjà ń tà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, obìnrin mẹ́rin dúró nídìí tábìlì, Ìyá Múnírù wà lára wọn, ó ń yan pópílíìnì fún oníbàárà rẹ̀ kan. Ìyá Àgbà ní kí n bá òun wọn ọ̀pá mẹ́rin. Mo mú ọ̀pá rẹ̀, igi dúdú kan tó ti ń dán nítorí ọwọ́. Dípò kí n wọn aṣọ, mo yọ rúlà ilé ẹ̀kọ́ mi, mo fi wọn ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pá kan yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún àti díẹ̀. Ti Ìyá Àgbà fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìka mẹ́ta tí a tò pọ̀ nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ó dùn mọ́ mi, mo sì pariwo.

"Ìyá Àgbà! Ọ̀pá yín yìí yàtọ̀ sí ọ̀pá ìjọba o! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílíọ̀nù ló fi yàtọ̀!"

Ìyá Múnírù yíjú. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kí ni?"

"Mílíọ̀nù, mà."

"Mílíọ̀nù? Lórí ọ̀pá kan ṣoṣo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ra ọ̀pá mẹ́fà, bílíọ̀nù mẹ́ta nìyẹn."

"Háà! Ẹ gbà mí o! Ẹ ṣáà ń gbọ́ ọ, ọmọ inú ilé ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

Nígbà yẹn, bí a bá gbọ́ mílíọ̀nù, nínú rédíò ni, owó epo ni, tàbí ẹni tó jí i kó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè bóyá ọ̀pá náà gùn jù ni tàbí ó kúrú. Ta ni yóò béèrè? Ta ló ti rí oníṣòwò tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ tó sì jẹ́ pé oníbàárà ló jèrè? Obìnrin kan rọra fi aṣọ tó dì mú lélẹ̀. Èkejì ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Ìyá Múnírù tẹ̀lé wọn, ó ń mi orí.

Mo lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀, torí òun ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò kí wọ́n tó kúrò nídìí tábìlì. Gbólóhùn kan péré ni: "Ó gùn jù ni, ẹ̀yin lẹ jèrè rẹ̀, kò ju ìka mẹ́ta lọ." Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé ìka mẹ́ta ni, bílíọ̀nù mi ti parí nìyẹn. Wọn ó fi mí ṣẹ̀sín pé gbogbo ariwo yìí, ìka mẹ́ta. Ẹnu wọn ṣì là sílẹ̀ nítorí mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n pa á dé. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe dákẹ́. Ìyá Àgbà wò mí, ó wo ọ̀pá, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wọn ọ̀pá mẹ́rin fún ẹni tó kù, ó ká a, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Iléyá tó dé, ọ̀rọ̀ ti dé Ìgàndó. Wọ́n ní ọ̀pá Ìyá Aláṣọ kúrú, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ló tú u fó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àáfà kan tó jẹ́ àlejò ṣe wàásù lórí àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Ó lè jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n níbi tí àwa obìnrin jókòó sí, gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà, tó jẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń rán ọmọdé sí i láti ra aṣọ, tí ìyá ọmọ kì í wulẹ̀ tún un wọ̀n, jókòó láàárín wọn, ó tẹ orí ba. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ ní yàrá rẹ̀, mo sunkún. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé ó gùn jù ni."

Ìgbà yẹn ló sọ ìtàn ọ̀pá náà fún mi. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun kánjú gé aṣọ ìkómọ fún obìnrin kan. Lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ tán lòun rí i pé ọ̀pá ti yẹ̀ lọ́wọ́ òun, aṣọ náà ò pé. Òun wá a títí, òun ò rí i. Òun lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, òun ní kó gé ọ̀pá mìíràn, kó fi ìka mẹ́ta sí i, kó lè jẹ́ pé bí ọwọ́ òun bá tún kánjú, kò ní jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Kò sí ẹni tó mọ̀, àfi òun àti gbẹ́nàgbẹ́nà náà, ó sì ti kú.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí gan-an fún wọn."

Ó ní, "Èènì tí a bá kà síni létí, a ti gbà á padà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Fi wọ́n sílẹ̀ jàre."

Ìyá Àgbà sọ bẹ́ẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo èmi. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ara mi fúyẹ́. Mo nu ojú mi. Mo sọ fún ara mi pé ìyá àgbà mi ló ní kí n má sọ ọ́, pé ìgbọràn ni mo ń ṣe. Àbí ẹ rí i? Èmi tí kì í gbọ́ràn bó bá ní kí n bu omi, ìgbọràn dé bá mi lójijì lórí ọ̀rọ̀ tó lè dójú tì mí. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà sílé ẹ̀kọ́.

Kò yí ọ̀pá náà padà. Àwọn kan gbà á nímọ̀ràn pé kó ra ti mítà, kí àwọn ènìyàn lè tún gbà á gbọ́. Kò rà á. Àwọn tó ṣì ń wá, bíi mẹ́fà méje, ó ń fi ìka mẹ́ta lé e fún wọn. Ìyá Múnírù gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ, ó ń ra aṣọ níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá ìjọba wọ̀n. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ mo bá a tó ń ráhùn sí ìyá mi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀: "Aṣọ ayé ìsinsìnyí ò dára mọ́, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ó ń sún kì. Ó pẹ́ tí mo ti rí fìlà kan yọ gbẹ̀yìn." Mo gbọ́ ọ, ó yé mi, mo sì kọjá lọ bu omi mu.

Nígbà tí àìsàn dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀, mo wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì bá a sùn nínú yàrá fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní òwúrọ̀ kan tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mélòó lo pè é lọ́jọ́ yẹn?"

Mo mọ ọjọ́ tó ń wí. Mo ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílíọ̀nù, mà."

Ó bo ẹnu. Ẹ̀rín náà ò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. "Ó mà pọ̀ o," ó ní. "N kò mọ̀ pé mo ń fún wọn tó bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn. Mo ti la ẹnu. Ó ti sùn lọ.

Ọjọ́ Àlàmísì ló kú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti wẹ̀ ẹ́, a ti dì í, a gbé e síwájú ilé, níbi tí tábìlì rẹ̀ máa ń wà. Àwọn ọkùnrin tò fún ìrun, àwa obìnrin dúró lẹ́bàá ògiri. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, àáfà àdúgbò wa yíjú sí wa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó ní ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ kó jọ̀wọ́ dárí jì í, kó má di ẹrù lé e lórí.

Ìyá Múnírù jáde síwájú. Omijé bò ó lójú. Ẹ má rò pé ẹ̀tàn ni, ó fẹ́ràn Ìyá Àgbà, ẹkún rẹ̀ ju tèmi lọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí gbogbo èrò gbọ́.

"Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn, mo ti dárí rẹ̀ jì í. Mo dárí jì í pátápátá láyé àti lọ́run. Mo sì bá gbogbo àwa tó ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ dárí jì í. Kí Ọlọ́run má fi bi í."

Àáfà wo ẹbí bóyá ẹnì kan nínú wa ní ọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ kan tèmi, ó dúró lórí rẹ̀. Mo gbé ojú sílẹ̀.

Gbogbo èrò ní, "Àmín."

Èmi náà ní, "Àmín."